"Gift": ẹ̀bùn ni àbí májèlé?

Ògbufọ̀ ni mí, Jámánì sí Yorùbá. Mo bá ìyá kan pàdé nínú ilé ìtajà níbí, ó di agolo kan mú, inú rẹ̀ ń dùn pé orúkọ ọmọ òun ni wọ́n kọ sí i: Gift. Oògùn eku ló wà níbẹ̀. Mo rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: lẹ́nu àwọn Jámánì, Gift ni májèlé.

Ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti gift ti Gẹ̀ẹ́sì o. Ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fún" ni àwọn méjèèjì ti yọ: give lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, geben lẹ́nu Jámánì. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni ọ̀nà ti pín. Dosis ni àwọn Gíríìkì ń pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fún aláìsàn, "fífún" gan-an ló sì túmọ̀ sí. Látìnì yá a lò, àwọn Jámánì wá fi ọ̀rọ̀ tiwọn tó dúró fún fífún rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, èyí tó ń pani nìkan ló kù. Àwa náà kúkú ń sọ ọ́ báyìí: "wọ́n fún un ní nǹkan jẹ." Ẹni tó bá gbọ́ ti mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ lásán.

Ti àwọn ará Sweden ló wù mí jù. Gift ni májèlé lọ́dọ̀ wọn, gift náà ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó, torí pé wọ́n ń fi ọmọ fún ọkọ, bí a ṣe ń fi fún ọkọ nílé wa. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá, ohun tí ọkọ san lórí ìyàwó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bí owó orí. Jámánì ṣì ní Mitgift, ẹrù tí ìyàwó ń kó lọ sílé ọkọ. Kò sí májèlé nínú ìyẹn. Àwọn Dutch ní tiwọn fi lẹ́tà kan yà wọ́n: gif ni májèlé, gift ni ọrẹ.

Bí ẹ bá gbé ẹ̀bùn lọ fún ará Jámánì, Geschenk ni kí ẹ pè é. Bí ọmọ yín tó ń jẹ́ Gift bá sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ níbí, ẹ tètè rí olùkọ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ kíláàsì tó gbọ́ orúkọ náà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ẹ fi pe ọmọ yín.