Ẹ Yé Fi Omi Iyọ̀ Wẹ Iwin Ara Ògiri

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún àwòrán tó bàjẹ́ ṣe. Tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, wọ́n á tún máa gbé iṣẹ́ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Twins Seven-Seven wá, èyí tí wọ́n ti fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn bó lójú. Wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ bá wa tún un ṣe.” Kí ló kù níbẹ̀ tí n ó tún?

Ògìdì-Ìjùmú ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí lọ́dún 1944. Ijó ló ń jó fún ẹnì kan tó ń polówó oògùn kiri nígbà tó dé Òṣogbo, tó fi bọ́ sọ́wọ́ Ulli àti Georgina Beier, àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọnà ní Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, lọ́dún 1964. Láti ìgbà náà ló ti ń fi gègé àti tàdáwà pìtàn iwin, ọdẹ àti ẹranko inú igbó. Àjọ UNESCO fi í ṣe Ayàwòrán Àlàáfíà ní 2005, ó sì kú n'Íbàdàn ní 2011. Ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni plywood tó ń yàwòrán sí. Ó máa ń gé e, á lẹ ọ̀kan lé èkejì, kí ìrù ẹranko lè yọ síta gọngọ. Awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni plywood. Bí omi bá kan etí rẹ̀, á mu ún, á wú, awẹ́ òkè á ṣí, á sì gbé tàdáwà lọ. Nítorí náà, ẹ má wo ojú àwòrán, etí rẹ̀ ni kí ẹ wò: tí èékánná yín bá ti lè wọ àárín awẹ́ méjì, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má gbé e kọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ fi ègé igi ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tó ń kun àga lẹ́bàá títì á ní àwọn á fi fáníìṣì dán an. Fáníìṣì àga, lórí ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ!

Àwọn yẹn tilẹ̀ ṣì sàn ju wòlíì lọ. Ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni wòlíì sọ fún pé ojú tó pọ̀ nínú àwòrán náà ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rọ́kọ fẹ́. Omi iyọ̀ ni wọ́n dà sí i, wọ́n fi òróró àdúrà lé e, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó nù ún. Mo gba apá òsì là, ẹlòmíràn kò sì lè gba ìyẹn là. Apá ọ̀tún ti di ẹrẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló sáré gbé e wá bá mi nígbà tí wòlíì ní kí wọ́n gbé iwin náà fún òun kí òun lọ sọ ọ́ sódò, kí wọ́n sì fi rìsíìtì rẹ̀ tì í.