Àwọ̀ ìdẹ kọ́ ni báàsì ń kọ̀

Báàsì ẹlẹ́nu ńlá kan, ẹja adágún tí àwọn apẹja máa ń fi ìdẹ àtọwọ́dá wá, wà létí adágún, ẹ ń wò ó kedere. Ẹ ju ìdẹ sí i, ó tẹ̀ lé e díẹ̀, ó dúró, ó kẹ̀yìn sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó ṣí àpótí ìdẹ. Aláwọ̀ ewé ò ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé búlúù sí i. Búlúù ò ṣiṣẹ́, ó kan dúdú. Kó tó di ọ̀sán, ìka ti ń ro wá, ẹja ò kúrò níbi tó wà. A wá parí ẹ̀ sí pé ẹja yìí ti le jù, pé àwọ̀ tó ń fẹ́ la ò tíì rà.

Ìgbàgbọ́ yìí dùn mọ́ àwọn tó ń ta ìdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ojú ẹja náà fúnra rẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni ojú èèyàn fi ń dá àwọ̀ mọ̀. Méjì péré ni ti báàsì, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé. Lọ́dún 2019, àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fi oúnjẹ kọ́ báàsì láti máa lọ bá àwọ̀ kan pàtó. Àwọn tí wọ́n fi pupa tàbí àwọ̀ ewé kọ́ kì í sábà ṣì í mú. Àmọ́ àwọn tí wọ́n fi yẹ́lò tó mú àwọ̀ ewé dání kọ́, àwọ̀ tí apẹja fẹ́ràn bí ojú, ń ṣi funfun mú, àwọn oníbúlúù náà sì ń ṣi dúdú mú. Ẹni tó bá yọ búlúù tó fi dúdú rọ́pò rẹ̀, lójú ẹja, kò pààrọ̀ nǹkan kan.

Kí ló wá dé tí kò fi gbé e? Adágún kékeré ni. Ẹja tó wà níbẹ̀ lónìí ló wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú ìdẹ kan náà ni tẹrú tọmọ sì ń fà kọjá níwájú rẹ̀. Báàsì a máa kọ́gbọ́n. Èyí tí ìwọ̀ ti gún lẹ́nu rí, tí wọ́n dá padà sómi, kì í yá a lára láti tún sáré sí ohun tó jọ ọ́.

Àwọn míì ò tiẹ̀ nílò kí ìwọ̀ gún wọn. Ní Ridge Lake ní ìpínlẹ̀ Illinois, bẹ̀rẹ̀ láti 1975, wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ gbogbo báàsì tí apẹja bá mú sínú ìwé, wọ́n á sàmì sí i lára, wọ́n á dá a padà. Wọ́n mú ẹyọ kan nígbà 16 láàárín ọdún kan ṣoṣo (irú èyí ló ń jẹ́ ká máa pe ara wa ní ọ̀gá). Nígbà tí wọ́n fa omi náà gbẹ, ẹja tó lé ní 1,700 ni wọ́n kó, nǹkan bí 200 nínú wọn ò sì gbé ìwọ̀ ẹnikẹ́ni rí, bẹ́ẹ̀ inú omi yẹn náà ni wọ́n wà látilẹ̀. Wọ́n wá ya àwọn tó máa ń gbé ìwọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya àwọn tí kì í gbé e náà sọ́tọ̀, kí wọ́n lè bímọ. Ìwà náà ràn mọ́ ọmọ, ìyàtọ̀ sì ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran.

Nítorí náà, ìrìn ìdẹ, ìwọ̀n rẹ̀ àti ariwo wa ló yẹ ká kọ́kọ́ yí padà. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara báàsì láti ìdí orí dé ìrù, òun ló fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ létí omi, ó ti mọ̀ pé àlejò dé kí ìdẹ tó kan omi.

Ẹ mú ekòló onírọ́bà tó gùn tó ìka, ẹ fi ìwọ̀ gún un láàárín gbùngbùn, ẹ má so òjé kankan mọ́ ọn. Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko omi, kí ẹ sì dẹ okùn. Á máa rọra rì, ìdí rẹ̀ méjèèjì á máa gbọ̀n. Ẹ má fà á. Okùn ni kí ẹ tẹjú mọ́, torí báàsì kì í fi ariwo gbé irú èyí: yóò kàn ya ẹnu gbàgà, omi á wọ́ ìdẹ wọlé. Ohun tí ẹ máa rí ni pé okùn ta pìrì lẹ́ẹ̀kan, tàbí kó máa yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní ó dìgbà tí ọ̀pá bá tẹ̀, ó lè ti tu ú dànù.

Nígbà tí omi bá tutù, ara ẹja náà á tutù, oúnjẹ ò ní tètè dà nínú rẹ̀. Tí omi bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 10 Celsius, kì í sábà lé ohun tó ń sáré, àwọ̀ yòówù kó ní.

Àwọn kan á ní ká sáà fi ẹja ààyè ṣe ìdẹ, ọ̀rọ̀ parí. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bluegill, ààyè rẹ̀, ni wọ́n fi mú báàsì tó lé ní kílò mẹ́wàá ní adágún Biwa ní Jàpáàn lọ́dún 2009. Àmọ́ èyí tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ di ipò báàsì tó wúwo jù lágbàáyé mú, tí George Perry mú ní ìpínlẹ̀ Georgia lọ́dún 1932, ìdẹ àtọwọ́dá ló gbé. Ìdẹ ààyè sì níṣòro tirẹ̀: báàsì máa ń gbé e mì dé ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí ẹ bá dá padà lè má yè é. Àwọn omi kan tilẹ̀ wà tí òfin ò gbà kí wọ́n lo ẹja ààyè níbẹ̀.

Àwọ̀ ṣì níbi tó wúlò, n ò fi pamọ́. Nínú omi rírú, ìdẹ dúdú máa ń hàn ketekete. Nínú omi tó mọ́ gaara, ẹ lo èyí tó jọ ẹja tàbí edé tó ń gbé nínú adágún náà. Mo rò pé àwọ̀ méjì yìí tó fún àpótí ẹnikẹ́ni.