Kèké tí à ń ṣẹ́ àti ìgò tí ẹ ń gbé pamọ́

Láàárín oṣù kan péré, obìnrin mẹ́ta ló dìde lórí àga níwájú mi, tí wọ́n gbé báàgì wọn, tí wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ń bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fínra, ìwádìí ìtọ́jú tí à ń ṣe lọ́wọ́ sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu. Ohun kan náà ló lé wọn: mo sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ni yóò ṣẹ́ kèké láti mọ irú ìtọ́jú tí kálukú máa gbà. Ìyá tó kẹ́yìn bi mí pé, "Dókítà, ẹ̀mí mi lẹ fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́?" Kí n tó yanu, ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e wá ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó ní ìyá òun kì í ṣe èkúté, ká lọ wá ẹlòmíràn tí a máa fi dán oògùn wò.

Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan mìíràn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn tó ń bí mi nínú ń bọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàlàyé kèké yìí lójúkojú títí ohùn mi fi há, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà.

À ń ṣẹ́ kèké nítorí pé a ò tíì mọ èyí tó sàn jù nínú ìtọ́jú méjèèjì. Ìgbà tí a bá ti mọ̀, èèwọ̀ ni ká tún máa ṣẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn ò ní fọwọ́ sí i, èmi náà ò sì ní yọjú síbẹ̀. Àwọn kan máa ń wò mí bí ẹni tí kò kàwé tó nígbà tí mo bá ní "a ò mọ̀". Wọ́n á ní ṣebí dókítà àgbà ni mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, dókítà tó ń sọ pé òun mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀n, òun ni kí ẹ sá fún.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa oníṣẹ́ abẹ fúnra wa. Tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ bá ṣì kéré, à ń gé ilé-ọmọ kúrò pẹ̀lú ẹran tó yí i ká. Látijọ́, ikùn la máa ń là. Nígbà tó yá, irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ àti kámẹ́rà dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ihò kéékèèké ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sílẹ̀ dín kù, aláìsàn ń tètè padà sílé, àpá rẹ̀ ò ju èékánná lọ. Èmi náà kọ́ ọ, ọwọ́ mi dá nínú rẹ̀, mo sì ń fi yangàn. Ta ló máa rò pé ó lè burú? Síbẹ̀, láti ọdún 2008, Pedro Ramirez, oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ obìnrin ní Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ilé ìwòsàn 33 jọ káàkiri ayé, wọ́n sì ṣẹ́ kèké fún obìnrin 631: ojú ihò bọ́ sọ́wọ́ 319, ikùn lílà bọ́ sọ́wọ́ 312. Nígbà tó fi máa di 2017, àwọn tó ń ṣọ́ àbájáde rẹ̀ ti ní kí wọ́n má gba èèyàn mọ́. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2018. Nínú àwọn tí wọ́n yà sí ikùn lílà, jẹjẹrẹ padà wá bá 7. Nínú àwọn ti ojú ihò, 27. Àwọn tó kú jẹ́ 3 ní apá ti ikùn lílà, 19 ní apá ti ojú ihò.

Ẹ tún un kà. Iṣẹ́ abẹ tí gbogbo wa ń sáré kọ́, tí àwọn aláìsàn ń fẹnu ara wọn bèèrè, òun ni ikú ti pọ̀ jù. Ọjọ́ tí mo ka ìwé náà, mo lọ fa fáìlì gbogbo àwọn obìnrin tí mo ti gba ojú ihò ṣiṣẹ́ fún jáde, mo sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá jẹ́ kí n yẹ̀ wọ́n wò. Láti ìgbà náà, ikùn ni mò ń là.

Ká ní kì í ṣe ti kèké ni, a lè má mọ̀ títí dòní. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èmi ni mò ń yàn. Obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kókó rẹ̀ kéré, tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, òun ni màá fún ní tuntun, nítorí mo fẹ́ kí tuntun yọrí sí rere. Èyí tó ti rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, màá fún un ní ti àtijọ́. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tuntun á dà bíi pé ó ta àtijọ́ yọ, bẹ́ẹ̀ ara àwọn obìnrin náà ni kò dọ́gba láti ilẹ̀. Tí a bá tún ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yàn, ẹni tó kàwé, tó lówó ọkọ̀, tó lẹ́ni tí yóò máa sìn ín wá, òun ló máa yan tuntun. Oògùn kọ́ la wá wọ̀n nígbà náà, èèyàn la wọ̀n. Kèké ò mọ olówó, kò mọ arẹwà, kò mọ ẹni tí dókítà fẹ́ràn. Ó ń pín alágbára àti aláìlera, àgbà àti ọ̀dọ́, sí ọ̀tún àti òsì, títí àwo òṣùwọ̀n méjèèjì á fi dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tí apá kan bá tẹ̀ wálẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìtọ́jú ló tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí pé kí n "wá nǹkan ṣe" sí kèké. Ọ̀gá mi kan bẹ̀ mí rí nítorí ìyàwó rẹ̀. Mo ní rárá, títí dòní kò sì bá mi ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù kejì tó ń ba yín ni pé a máa fún àwọn kan ní omi lásán, ká wá máa wò wọ́n títí wọ́n á fi kú. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi dán pembrolizumab, oògùn tó ń ran agbára ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà, wò fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ tó ti kọjá èyí tí a lè gé, obìnrin 1,060 ló wọ̀ ọ́. Ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ àti oògùn jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ cisplatin, tó jẹ́ ìtọ́jú tó dára jù tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ni wọ́n tò fún gbogbo wọn. Orí ìyẹn ni wọ́n ti fi pembrolizumab kún ti apá kan, tí wọ́n fi omi tí kò ní oògùn kún ti apá kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè ní apá oògùn, 74.8 ní apá omi. Ibo ni wọ́n ti wá fi ẹnì kan sílẹ̀ láìtọ́jú níbẹ̀?

Cisplatin yẹn gan-an, kèké ló fi í lé wa lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ìtànṣán nìkan ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbà. Ní oṣù kejì ọdún 1999, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí jẹjẹrẹ kéde fún àwọn dókítà pé ìwádìí márùn-ún fi hàn pé tí a bá fi cisplatin kún ìtànṣán, ewu ikú á dín kù ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2024, ìwádìí INTERLACE, tí obìnrin 500 wọ̀ ní Bírítéènì, Mẹ́síkò, Íńdíà, Ítálì àti Bràsíl, tún fi tirẹ̀ lé e: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà oògùn jẹjẹrẹ méjì, carboplatin àti paclitaxel, ṣáájú ìtànṣán, ìdá 80 wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún dípò 72. Oògùn àtijọ́ ni méjèèjì, ìgbà tí wọ́n lò wọ́n nìkan ló jẹ́ tuntun. Fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin, kèké ló gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan: ìwádìí LION ti 2019, obìnrin 647, fi hàn pé yíyọ gbogbo kókó omi-ara (àwọn èso kéékèèké tó ń sẹ́ omi ara) kúrò nínú ikùn àti ìbàdí nígbà tí wọn ò wú kò fi ọjọ́ kankan kún ẹ̀mí wọn, ìnira nìkan ló fi kún un.

Ti ìpele kìíní dé ìkẹta tí ìwádìí oògùn máa ń gbà kọjá, ẹ lè kà á níbòmíràn. Ẹ sáà mọ̀ pé ẹ lè jáde kúrò nínú ìwádìí nígbàkígbà, kò sì sí dókítà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí yín.

Ó wá ku àwọn tó ń bí mi nínú.

Àwọn tó ń ta ìgò àgbo lórí fóònù, tí wọ́n ní oògùn àwọn ń yọ́ kókó ilé-ọmọ dànù láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo máa ń béèrè ohun mẹ́ta: obìnrin mélòó ló mu ún, mélòó ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ló kà wọ́n? Fídíò obìnrin kan ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Ẹni tó mu ún tí kò yè ńkọ́? Ta ló ya fídíò àwọn yẹn?

Ẹ má ní mo kórìíra ewé. Ara èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ paclitaxel. Topotecan náà, igi kan ní Ṣáínà ló ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n ní mílígíráàmù, wọ́n kọ rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ fún yín pé ewé kì í pa èèyàn lára, ẹ bi í léèrè nípa Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti fún àwọn obìnrin ní ewé kí sísanra wọn lè dín kù. Kíndìnrín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn dókítà kéde rẹ̀ ní 1993. Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ yọ lọ́nà ìtọ̀ àwọn kan nínú wọn.

Obìnrin kan wọ ìwádìí wa lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ìtànṣán àti cisplatin ló ń gbà, oògùn tuntun wà lórí rẹ̀. Cisplatin ò fẹ́ràn kíndìnrín, nítorí náà, à ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì dára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kreatinínì rẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ dànù, gòkè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ju ìlọ́po méjì lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. A dá cisplatin dúró. Òfin ìwádìí ní kí n ròyìn irú rẹ̀ láàárín wákàtí 24, mo sì kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn tuntun ló fà á.

Ní ọjọ́ kẹta tó ti wà ní wọ́ọ̀dù, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun wá ṣájà fóònù nínú báàgì. Abẹ́ gèlè tí wọ́n ká ni nọ́ọ̀sì ti rí i: ìgò kan nínú ọ̀rá dúdú, omi rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà, ó ti dé ìdajì, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó tà á fún un ti kìlọ̀ pé tó bá sọ fún dókítà, agbára rẹ̀ á bàjẹ́. Ó ń sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. "Ẹ má bínú, Dókítà, mo rò pé méjèèjì á jọ ràn mí lọ́wọ́ ni."

Mo tún ìwé ìròyìn náà kọ. Ká ní ṣájà fóònù náà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni, orúkọ oògùn tuntun yẹn ni ì bá ru ẹ̀ṣẹ̀ ìgò tí kò lórúkọ, bóyá wọn ì bá sì gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó lè wò sàn. Kíndìnrín rẹ̀ bọ̀ sípò díẹ̀, kò tó èyí tó lè gba cisplatin mọ́. Ìtànṣán nìkan ló fi parí ìtọ́jú. Kò pé ọdún méjì tí jẹjẹrẹ fi dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kí n tó gbé ìwé ìfọwọ́sí síwájú ẹnikẹ́ni, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì mi. Mi ò ní bá a wí. Nọ́ọ̀sì á kọ ohun tó wà níbẹ̀ sínú fáìlì, àwọ̀ rẹ̀, iye tó ń mu, ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, tàbí lọ́dọ̀ dókítà jẹjẹrẹ èyíkéyìí, ẹ gbé ìgò yẹn dání. Ẹ má dà á nù lọ́nà. A fẹ́ rí i.