Egbò Ìdùbúlẹ̀ Kì í Ṣàdédé Jáde

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ nínú ilé tí mo bá ti lọ tọ́jú aláìsàn l'Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ ní Ìtòkú, ní Lafẹ́nwá tàbí ní Ìjàyè: "Nọ́ọ̀sì, kò sí níbẹ̀ lánàá." Wọ́n á yí bàbá tàbí màmá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi egbò hàn mí lókè ìdí, egbò tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀. Ìyàwó ilé á máa búra. Ẹ̀gbọ́n aláìsàn á máa mi orí. Ẹnì kan á wá sọ ohun tí gbogbo wọn ti ń rò láti àárọ̀: ènìyàn kì í sùn kí irú egbò báyìí bá a jí, àfi tí ọwọ́ ayé bá wà níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, ó sì ń bí mi nínú síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́. Lóòótọ́ ni kò rí egbò lánàá.

Pé ìdùbúlẹ̀ sójú kan ló ń fa egbò yìí, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Egungun ń tẹ̀ ẹ́ láti inú, fóòmù ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta, ẹran ara tó wà láàárín ni ìyà ń jẹ. Àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín tó wà níbẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá, tó bá pẹ́, ẹran náà á kú. Òkè ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, kókósẹ̀, ìgúnpá, ìpàkọ́: ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ ni. Bó bá jẹ́ pé ọfà ni wọ́n ta, kí ló dé tí kì í jáde sí ikùn, tí kì í jáde sí àyà, tó jẹ́ ibi tí aláìsàn gbé ara lé gan-an ló ń yàn?

Àwa tí ara wa dá kì í sùn sójú kan mọ́jú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ń ro wá, a ó yí sí èkejì láìtilẹ̀ jí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kán, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀ pé ibẹ̀ ń ro òun, tàbí kó mọ̀ kó má lè yí. Yóò dákẹ́. Àwọn ará ilé á ní ẹ jẹ́ kó sinmi.

Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Ludwig Guttmann, Júù tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939. Ní 1944, wọ́n fi í ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn kán ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ogun. Nígbà náà, irú wọn kì í pẹ́ kú, egbò ìdùbúlẹ̀ àti àkóràn ilé ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí wọn ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru. Àwọn tí wọ́n ti ń retí ikú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yè, débi pé ní 1948 ó ṣètò ìdíje eré ìdárayá fún wọn lórí kẹ̀kẹ́ arọ, èyí tó di Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, lónìí. Ọwọ́ ènìyàn tó ń yí wọn padà wà lára ohun tó gbà wọ́n là.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "kò sí níbẹ̀ lánàá", torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti sọnù.

Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa pé àmì àkọ́kọ́ ni kí ibẹ̀ pupa. Ẹ tẹ ibi tó pupa náà, bí kò bá funfun lábẹ́ ìka yín, egbò ti ń bọ̀. Awọ ta ni ìwé yẹn ń sọ? Awọ òyìnbó ni. Lára màmá arúgbó tó dúdú dáadáa ní Ìtòkú, ẹ lè máa wá pupa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ lárààárọ̀ á wo ibẹ̀ tọkàntọkàn, kò ní rí nǹkan kan, á sì sọ pé ara màmá dá ṣáṣá. Ní òkè òkun, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti kéré níye, ìwádìí ti fi hàn pé egbò tiwọn sábà máa ń burú ju ti òyìnbó lọ kí wọ́n tó rí i. Ó dùn mí pé àwa tí gbogbo wa dúdú náà tún ń fi àmì awọ ẹlòmíràn wá egbò lára àwọn òbí wa.

Lára tiwa, ibẹ̀ á dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, bí ìgbà tí wọ́n tún aṣọ rì bọ aró lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà mìíràn á máa dán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló máa ń mọ̀ ọ́n ṣáájú ojú. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òkè ìdí, kí ẹ wá fi kan itan. Ṣé ó gbóná jù ú lọ? Ṣé ó tutù jù ú lọ? Ẹ rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́: ṣé ó le, àbí ó rọ̀ jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù? Ẹ bi aláìsàn tó bá lè sọ̀rọ̀ bóyá ó ń dùn ún. Ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé. Ẹ fi omi díẹ̀ pa ibẹ̀ kí àwọ̀ lè hàn, kí ẹ wá nù ún gbẹ.

Ohun kejì ni pé ẹran inú kì í lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó awọ. Òun ló ń kọ́kọ́ kú, nídìí egungun, tí awọ òkè á ṣì máa dán bí òpó ilé tí ikán ti jẹ nínú. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ìbàjẹ́ inú tó yọ sójú awọ. Egbò tí ẹ rí ní Ọjọ́bọ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Ó lè jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó sì lè jẹ́ inú ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ láti Èkó.

Mo ti rí ilé tí wọ́n ti lé ìyàwó ọmọ jáde nítorí egbò tó yọ lọ́jọ́ kẹta tí ìyá ọkọ dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ara ìyá le kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn kò tíì lò tó ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú aláìsàn! Wọ́n lé ẹni tí ì bá máa yí i lóru, wọ́n sì náwó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wá ọfà.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ayé wà tàbí kò sí. Mi ò sì ní sọ pé gbogbo egbò ló jẹ́ àìtọ́jú. Ẹni tó ti rù kan egungun, ẹni tí ẹ̀mí ti ń bọ́ lọ, egbò lè yọ lára rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú. Wákàtí méjì pàápàá kì í ṣe òfin: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, láti ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fi hàn pé lórí fóòmù tó dára, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò burú ju méjì lọ. Àmọ́ fóòmù tó dára ni mo wí. Èyí tí mo ń bá nílé ti tẹ́ débi pé pákó bẹ́ẹ̀dì ń gún ọwọ́ mi, nítorí náà wákàtí méjì ni mo ṣì ń sọ fún wọn.

Ẹ má sì rò pé nọ́ọ̀sì ló máa yí i fún yín. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá wá lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo lo mẹ́ta níbẹ̀. Ìlú wa yìí kan náà ni Adeoye Lambo, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní abúlé ní Aro ní 1954, níbi tí aláìsàn ti gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání tí yóò máa bá a gbé. Ó mọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú.

Bí ẹ bá ń yí i, ẹ fi aṣọ gbé e, ẹ má wọ́ ọ, torí wíwọ́ ń bó awọ. Ẹ fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, kó má fi egungun ìbàdí dùbúlẹ̀ ṣánṣán. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n pọn omi sí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi sípírítì àti pàúdà fi agbára ra ibi tó ti dúdú. Wọ́n kọ́ àwa àgbà nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n sípírítì ń gbẹ awọ, fífi ọwọ́ ra á sì ń fọ́ ẹran tó ti rẹ̀ nínú. Ẹ má gbé e lé rọ́bà rìbìtì tó ní ihò láàárín. Ẹ pààrọ̀ páńpásì tó bá ti tutù. Ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ni kí ẹ fún un, ẹ̀kọ lásán kò lè dí egbò.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó wọ aṣọ funfun tó ní nọ́ọ̀sì lòun. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Nursing and Midwifery Council kó tó fọwọ́ kan egbò. Bí egbò bá dúdú kirikiri, tó ń rùn, tí ara aláìsàn gbóná tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má dúró de àfẹ̀mọ́jú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ nínú ọkọ̀.