Kí Ínkúbétọ̀ Tó Wọ Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kan ínkúbétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ibi tí ọgbọ́n pípa ẹyin ti wá, ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n máa ń sọ. Òótọ́ ni pé àwọn ará Íjíbítì ti ń fi ààrò alámọ̀ pa ẹyin láti ayé àtijọ́. Réaumur, ará Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1749. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká fi ooru pa ẹyin, ọ̀tọ̀ ni ká mọ ìgbà tó yẹ ká ran òròmọdìẹ lọ́wọ́ kó lè jáde. Ẹ̀kejì yìí ni mo ń wí, mo sì gbà pé ọwọ́ àwọn ìyá wa ló wà kí ẹ̀rọ kankan tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Ifẹ̀. Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ní ó tan erùpẹ̀ sórí omi tí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ìran tó fi adìẹ sí ìpìlẹ̀ ayé báyìí, ó dá mi lójú pé wọ́n ti wo adìẹ títí, wọ́n ti wo ẹyin títí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láyé Ọ̀yọ́ Ilé gan-an ni àwọn obìnrin ti ń ka ọjọ́ fún àgbébọ̀, torí wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi kà á. Ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ṣàngó nínú mẹ́rin yẹn, tí a sì kà á mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, Jàkúta kẹfà ló bọ́ sí ọjọ́ kọkànlélógún. Àgbébọ̀ tó bá sàba lọ́jọ́ Jàkúta, Jàkúta kẹfà yẹn làwọn òròmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèpo lu.

Èdè wa pàápàá ń jẹ́rìí. Adìẹ kì í kàn jókòó lé ẹyin, ó ń sàba ni. Ẹyin tí kò pa, òbu ni. Ẹni tí kò bá ń ṣe nǹkan kì í sọ ọ́ lórúkọ báyẹn.

Inú apẹ̀rẹ̀ ni ìyá wa àgbà ń kó ẹyin sí fún àgbébọ̀, ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Bó bá ku bí ọjọ́ méjì kó pa, yóò fi ẹyin tí kò tíì lu sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá mì, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bí òròmọ bá ti dá èèpo lu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. "Ó ń sinmi," ni yóò wí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni: pupa ẹyin ṣì ń wọ inú ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú awọ tó bò ó. Ẹni tó bá bó o ní kíákíá, ẹ̀jẹ̀ ni yóò dà. Ìgbà tí ọjọ́ kejì bá tó tí kò tẹ̀síwájú, tí awọ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ló ń fi aṣọ tútù ra awọ náà, tí á máa ṣí èèpo díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó fẹ̀. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀, á dúró.

LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, dé ní 1990, àwọn káfíńtà ń fi pákó àti gílóòbù kan ẹ̀rọ, 37.5°C ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n ń yí ẹyin títí di ọjọ́ kejìdínlógún, wọ́n á wá bu omi kún èyí tó wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àgbébọ̀ ti ń fi ẹnu yí ẹyin tipẹ́. Abọ́ omi ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ni mo máa ń wò ní tèmi. Ìyá wa àgbà, ọwọ́ ló fi ń wọ́n omi sí etí apẹ̀rẹ̀.