Kí lẹ ń sanwó fún gan-an? Ọ̀rọ̀ díṣàínà wẹ́bùsáìtì tó ń dá ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù ní Ìlọrin níbí ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà yìí, kí ló wà nínú wẹ́bùsáìtì tí ẹ fi ń gbowó tó báyẹn, ṣebí ọmọ àbúrò mi náà lè ṣe é lórí fóònù?" Òótọ́ ni o, ọmọ àbúrò yín lè ṣe é. WordPress, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́bùsáìtì, ti wà níta láti 2003, ọ̀fẹ́ ni, témpílétì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tó bá ní dátà àti sùúrù á gbé nǹkan kan dìde láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èmi náà ń lo témpílétì, mi ò tijú ẹ̀. Ohun tí témpílétì ò lè bá yín ṣe ni kó mọ ẹni tó máa ṣí i, ibi tẹ́ni náà máa wà nígbà tó bá ń ṣí i, àti ohun tó ń wá. Ibẹ̀ niṣẹ́ wa wà, ibẹ̀ náà lowó yẹn ń bá lọ.

Àwa tá à ń dá ṣiṣẹ́, a ò ní ọ́fíìsì ńlá, yàrá kan ní Tánkẹ́ tàbí Òkè-Òdó ni ọ̀pọ̀ wa wà, nítòsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin, torí ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé a ò kúrò mọ́. Ẹnì kan náà ló ń ya díṣàìn, òun ló ń kọ kóòdù, òun ló ń kọ ìnfọ́ìsì, òun náà ló ń pè yín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí ẹ tó fi àwòrán ṣọ́ọ̀bù yín ránṣẹ́. Wàhálà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀gá tó máa sọ pé kí n fi àwọ̀ pupa síbi tí mo mọ̀ pé kò yẹ. Kọ́sítọ́mà nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀, kọ́sítọ́mà sì ṣeé bá jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú Àlàájì kan tó ń ta símẹ́ńtì ní Gànmọ̀. Á wá, á gbé fóònù síwájú mi, á fi wẹ́bùsáìtì ilé-iṣẹ́ kan ní Dubai hàn mí, fídíò ń lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, lẹ́tà ń fò wọlé láti ẹ̀gbẹ́. "Irú eléyìí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ o." Mi ò ní sọ pé rárá lójú ẹsẹ̀, màá bi í pé Àlàájì, ta ló máa wò ó? Torí ẹni tó ń ra símẹ́ńtì lọ́wọ́ wọn, bíríkìlà ni, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́ ló dúró sí, oòrùn ọ̀sán ń tàn sójú fóònù ẹ̀, gíláàsì fóònù ọ̀hún ti fọ́, dátà ẹ̀ sì ń parí lọ. Iye tí àpò kan jẹ́ lónìí àti nọ́ńbà tó máa pè, ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ. Kí fídíò Dubai tó ṣí tán, ó ti pe ẹlòmíì. Màá tún béèrè pé ṣé ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lásìkò Jímọ́ọ̀, ṣé ẹ máa ń gbé e délé fún èèyàn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣé ẹ ń dé Àjàṣẹ́-Ìpo? Àwọn kan rò pé mò ń fi ìbéèrè fi àkókò ṣòfò ni. Díṣàìn ni mò ń ṣe yẹn, mi ò tíì gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà ni.

Ohun tó tún ń gba ọgbọ́n ni ká mú nǹkan kúrò. Àwòrán kan tí fóònù òde òní yà lè tó MB mẹ́ta sí márùn-ún, tẹ́ ẹ bá wá to mẹ́wàá irú ẹ̀ sójú kan, ẹ ti ní kí ẹni tó fẹ́ ra ọjà yín kọ́kọ́ sun nǹkan bí MB ogójì nínú dátà ẹ̀. A máa ń dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bí KB 200, ojú lásán ò sì ní mọ̀ pé a mú nǹkan kan kúrò lára ẹ̀. Àwọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tín-ín-rín aláwọ̀ eérú lórí funfun, èyí tí àwọn díṣàínà òkè òkun fẹ́ràn, ó dáa nínú ọ́fíìsì tó ní AC, àmọ́ ẹ gbé e dé ọjà Ìpàtà ní aago méjì ọ̀sán kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí i kà. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà inú iṣẹ́ tèmi fi máa ń dúdú tó sì máa ń tóbi. Wọ́n ti sọ fún mi pé kò "fáìnì" tó, mo gbọ́, mi ò yí i padà.

Ẹ sì wò ó, ojú ìwé àkọ́kọ́ tí Tim Berners-Lee gbé sórí web ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, ní 1991, ọ̀rọ̀ lásán ni, kò sí àwòrán níbẹ̀, ó ṣì ń ṣí dáadáa lórí fóònù yín dòní. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lé e lórí, a ń wọn ojú ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì nìkan, títí tí fóònù fi gba ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ní 2010 ni Ethan Marcotte kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi sọ iṣẹ́ yìí lórúkọ, responsive design, pé ojú ìwé kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣe, kó máa tún ara ẹ̀ tò bí gíláàsì bá ṣe fẹ̀ tó. Ọmọ Ìlọrin ò yẹ kó rí èyí bí nǹkan àjèjì, ṣebí bí aṣọ òfì ṣe rí nìyẹn: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, ẹ lè so púpọ̀ pọ̀ kó di agbádá, ẹ sì lè so díẹ̀ kó di fìlà. Lórí kọ̀ǹpútà, a máa to àwọn apá ojú ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lórí fóònù wọ́n á to lórí ara wọn. Tí ẹnì kan bá gbéṣẹ́ wá fún yín, ẹ má wò ó lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ẹ gba fóònù tó kéré jù nínú ilé kẹ́ ẹ fi ṣí i.

Ibi tí mo tún máa ń pẹ́ sí, tí kọ́sítọ́mà kì í rí, ni lẹ́tà Yorùbá. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan láti Kwara South á ní ká ṣe wẹ́bùsáìtì ìlú wọn, káwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun lè máa rí i, orúkọ ìlú gbọ́dọ̀ ní àmì, Ọba ò ní gbà kó má ní. Ẹ kọ "Àjàṣẹ́" pẹ̀lú fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, tó wù yín, ẹ máa rí i pé ṣ jáde ní ìrísí tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù, àmì tó yẹ kó wà lórí lẹ́tà ẹ sì ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó fà á rèé. Àwọn ará Vietnam náà ní ẹ àti ọ nínú lẹ́tà wọn, nítorí náà fọ́ńtì tó bá gba èdè wọn máa ń ní méjèèjì, àmọ́ wọn ò ní ṣ, ìyẹn ló fi máa ń sọnù, kọ̀ǹpútà á wá lọ yá a láti inú fọ́ńtì míì. Ní ti ẹ́ tó ní àmì lókè tó sì tún ní nísàlẹ̀, Unicode tó ń fún gbogbo lẹ́tà àgbáyé ní nọ́ńbà kò fún un ní nọ́ńbà tiẹ̀, lẹ́tà ẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó gbé àmì lé e, tí ẹni tó ṣe fọ́ńtì ò bá wá ro ibi tí àmì náà máa jókòó sí, ó di rúdurùdu. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi "Àjàṣẹ́" dán fọ́ńtì wò kí n tó wo ẹwà ẹ̀. Fọ́ńtì Noto tí Google ṣe máa ń gba gbogbo ẹ̀. Èyí tó rẹwà jù nínú àwọn tó kù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń kùnà níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Tó bá jẹ́ ilé kéwú ló gbéṣẹ́ wá, ìṣòro míì ni. Lárúbáwá ń lọ láti ọ̀tún sósì, nítorí náà gbogbo ojú ìwé ló máa yí, ménù, ọfà, àti ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà fóònù á ṣì máa lọ láti òsì sọ́tùn-ún. Témpílétì tó polówó pé òun mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀, àmọ́ ẹ kọ orúkọ Àfáà àti nọ́ńbà fóònù wọn sórí ìlà kan náà, ẹ máa rí bó ṣe máa dàrú.

Ọ̀rọ̀ àwòrán: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun fífi àwọn òyìnbó tó ń bọwọ́ nínú ọ́fíìsì sórí wẹ́bùsáìtì ilé-iṣẹ́ tó wà ní Táíwò. Ẹ ya Ìyá Àlàájà tó ń kó ọjà, ẹ ya pátákó yín. Ẹni tó fẹ́ wá fẹ́ mọ̀ pé ibẹ̀ wà lóòótọ́.

Owó wá ńkọ́? Hosting ọ̀pọ̀ wa, ìyẹn ibi tí fáìlì wẹ́bùsáìtì ń gbé, dọ́là ni wọ́n ń gbà, ní 2022 ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, ní oṣù kẹfà 2023 tí CBN sì yọ́wọ́ kúrò lára iye náírà, tí náírà já wálẹ̀, ìwé àdéhùn tá a ti fọwọ́ sí pẹ̀lú iye náírà di gbèsè sí wa lọ́rùn. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé a ní kẹ́ ẹ san ìdajì sílẹ̀, kì í ṣojúkòkòrò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà níbẹ̀: òru la sábà máa ń ṣiṣẹ́ torí ó máa ń fúyẹ́ nígbà náà, a ń sùn lọ́sàn-án, lánlọ́ọ̀dù á máa wò wá pé ọmọ yàhúù ni wá, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 tí àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá já nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire, gbogbo kọ́sítọ́mà ló rò pé díṣàínà òun ló ba nǹkan jẹ́, ẹ̀rọ báńkì pàápàá ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Èyí tó kù ni dómẹ́ènì, ìyẹn orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó yàtọ̀ sí hosting tí àwọn fáìlì yín ń gbé, ọdọọdún lẹ máa san owó ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé, ẹlòmíì lè rà á. Tó bá jẹ́ .ng tàbí .com.ng, NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ .ng ní Nàìjíríà, ló ni í, ẹ sì lè fi náírà san án lọ́dọ̀ àwọn tí NiRA fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ní wẹ́bùsáìtì ni kò mọ̀ pé orúkọ díṣàínà ni wọ́n fi rà á, í-meèlì díṣàínà ni ìránnilétí ń lọ sí, pásíwọ̀ọ̀dù sì wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló ní èrò burúkú o, ó yá jù lọ́jọ́ náà ni. Ẹ béèrè. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ pè é, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ẹ ní kó yí i sí orúkọ yín àti í-meèlì yín lọ́sẹ̀ yìí, kó tó di pé ó já pa lọ sí Canada.