Kí ẹ tó pe fótò yẹn ní iwin, ẹ bi kámẹ́rà léèrè ná

Tí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, tí ìnáwó òpin ọdún sì bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á wá máa fi fótò ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan funfun róbótó tó wà lókè pósí yìí." "Bọ̀dá, ta ló dúró sẹ́yìn màmá wa yìí, a ò pọ̀ tó báyìí nígbà tá à ń ya fótò yẹn o." Mo máa ń fara balẹ̀ wo gbogbo ẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ò bá mi ṣeré, àyà ẹ̀ ti já, àwọn míì ti pe wòlíì tàbí babaláwo kí wọ́n tó rántí pé fotógíráfà wà láyé. Ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn náà ni mo fẹ́ sọ níbí: kámẹ́rà kì í ríran bí ojú wa ṣe ń ríran, àfi ká kọ́kọ́ yọ ohun tí kámẹ́rà fọwọ́ ara ẹ̀ dá sílẹ̀ kúrò nínú fótò ká tó lè pe èyí tó kù ní abàmì.

Mi ò sọ pé kò sí ẹ̀mí o, ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti rí i tí fótò kan ṣoṣo wọ inú group mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp, tí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rí pé olóògbé ń bínú sí ìyàwó ilé kan, tí ara ò sì rọ obìnrin yẹn mọ́ nílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ eruku ló wà nínú fótò ọ̀hún. Eruku!

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ torí òun ló pọ̀ jù. Àwọn róbótó funfun yẹn, orb ni àwọn tó ń wá iwin kiri nílùú òyìnbó ń pè é. Eruku ni, tàbí òjò wínníwínní, tàbí kòkòrò, nígbà míì èéfín. Fláàṣì fóònù àti ti kámẹ́rà kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì gan-an, kò sáyè láàárín wọn rárá. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ó ti kọ lu eruku tó ń fò kiri níwájú lẹ́ńsì níbi tí ò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Bí nǹkan bá sì ṣe sún mọ́ fláàṣì tó ló ṣe máa ń mọ́lẹ̀ tó: tí nǹkan kan bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa kàn án. Ìdí nìyẹn tí eruku tí ojú ò rí fi ń tàn ju aṣọ léèsì lọ nínú fótò. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn lẹ́ńsì fojú sí, kò fojú sí eruku, eruku yẹn á wá fẹ̀, á di róbótó ńlá tó dà bíi pé èèyàn lè rí òdìkejì ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ róbótó? Torí pé róbótó ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọnú lẹ́ńsì. Nínú kámẹ́rà ńlá, àwọn irin pẹlẹbẹ kan ló máa ń pa ihò yẹn dé tá a bá fẹ́ kó kéré, tí mo bá sì fi tèmi sí f/8, ìyẹn ihò tó kéré, orb tó máa jáde máa ń ní igun lára, bí igun irin yẹn bá ṣe pọ̀ tó náà ni. Tí mo bá ti rí orb tó ní igun márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí gbogbo wọn sì rí bákan náà, mi ò nílò ẹlẹ́rìí míì mọ́, àwòrán ihò lẹ́ńsì ni mò ń wò yẹn.

Àríyànjiyàn kan wà tí wọ́n máa ń bá mi ṣe, ó sì mọ́gbọ́n wá o. Wọ́n á ní "ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yìn gèlè màmá ló wà, apá kan ẹ̀ fara pa mọ́, eruku tó wà níwájú lẹ́ńsì ò lè gba ẹ̀yìn gèlè lọ." Ẹ tún gèlè yẹn wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ funfun nígbà gbogbo, tàbí kó jẹ́ gèlè tó ń dán tí fláàṣì ti sọ di funfun pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lára orb kò tó nǹkan, lórí ògiri tó ṣókùnkùn ó máa hàn, lórí funfun kò sí àyè tó máa hàn sí mọ́, funfun ò lè funfun ju bó ṣe wà lọ. Orb yẹn ò lọ sẹ́yìn gèlè, gèlè ló gbé e mì.

Lọ́dọ̀ tiwa ńbí láti oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń bọ̀ wá bá wa, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ẹ wá fi ti ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó lórí ilẹ̀ tí wọn ò fi símẹ́ǹtì tẹ́ kún un. Kò sí bí fótò alẹ́ ṣe máa mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ gbọn ẹní tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ tan fláàṣì kẹ́ ẹ yà á. Ẹ máa rí wọn bíi ìràwọ̀. Ẹ wá yà á lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn á ti kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹ pa fláàṣì, ẹ tan iná yàrá kẹ́ ẹ tún yà á, kò ní sí ẹyọ kan.

CCTV náà ò yàtọ̀, iná infrared tí ojú wa ò rí ló yí lẹ́ńsì ẹ̀ ká lálẹ́, aláǹtakùn á sì fẹ́ràn ibẹ̀ torí kòkòrò ń wá síbẹ̀. Okùn aláǹtakùn kan ṣoṣo tí atẹ́gùn ń mì tó láti lé ọlọ́dẹ sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ nu lẹ́ńsì yẹn.

Èyí tó kàn ni èèyàn tó rí ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n ń rí ògiri láti ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkókò nìyẹn. Lọ́sàn-án gangan shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, lè má ṣí ju ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, lálẹ́ nígbà tí kò sí iná ó lè ṣí fún ìdá kan nínú mẹ́wàá, tàbí odindi ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, inú fótò kan náà ló ń kó sí. Ẹni tó bá rìn kọjá á fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á fi tiẹ̀ kún un nígbà tẹ́ni yẹn ti kúrò, àwọn méjèèjì á wá hàn papọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Nínú irú fótò yìí ẹsẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ máa ń hàn ju orí àti ọwọ́ lọ, torí ẹsẹ̀ yẹn ló dúró díẹ̀ nígbà tí ara ń lọ. Tó bá jẹ́ iná ló ń fa ìlà wérewère, ẹ wo àwọn iná tó kù: tí gbogbo wọn bá ya ìlà kan náà, ọwọ́ yín ló gbọ̀n, tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló yà á, iná yẹn ló rìn lóòótọ́. Àmì àwọ̀ ewé tó máa ń léfòó nínú fótò tí oòrùn tàbí gílóòbù wà ńkọ́? Ẹ fi rúlà fa ìlà láti ara iná yẹn gba àárín fótò gan-an kọjá, ẹ máa bá àmì yẹn lórí ìlà yẹn ní òdìkejì. Inú lẹ́ńsì ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti ń ta síra wọn.

Fótò kan wà tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi torí kò sí èké nínú ẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1964, panápaná kan tó ń jẹ́ Jim Templeton láti Carlisle ní àríwá England mú ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ obìnrin lọ sí etí omi ní Burgh Marsh. Ó ya ọmọ náà níbi tó jókòó sí. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù tán, ẹnì kan wà lẹ́yìn orí ọmọ yẹn tó wọ aṣọ funfun bíi tàwọn tó ń lọ sójú òfuurufú. Bàbá yẹn ní òun ò rí ẹnì kankan níbẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́. Kodak, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, yẹ fíìmù ẹ̀ wò, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tún nǹkan ṣe lára ẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Àmọ́ ẹ wo àwọn fótò míì tó yà lọ́jọ́ náà: ìyàwó ẹ̀ wọ aṣọ búlúù tó mọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù lára búlúù bẹ́ẹ̀, funfun ló ń dà. Ihò tó ń gbà wo ohun tó fẹ́ yà lára kámẹ́rà rẹ̀ ò sì fi gbogbo ohun tí fíìmù ń gbà hàn án, ẹni tó bá wà létí fótò lè wọlé láìjẹ́ pé ẹni tó ń yà á mọ̀. Àlàyé tó bá a mu jù ni pé ìyàwó ẹ̀ ló kọ ẹ̀yìn sí i, tó fọwọ́ kan sí ìbàdí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di èyí mú dáadáa: ọkùnrin yẹn ò purọ́, fíìmù yẹn kì í ṣe ayédèrú, síbẹ̀ kò sí àbàmì níbẹ̀. "Mi ò rí i nígbà tí mò ń yà á" kì í ṣe ẹ̀rí, torí ojú ẹni tó ń ya fótò wà lára ohun tó fẹ́ yà, kì í wà níbòmíì.

Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é náà wà. William Mumler ní Boston, láyé ìgbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ń ya àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, òkú wọn á sì yọ lẹ́yìn wọn. Dígí (òun ni wọ́n ń lò bíi fíìmù nígbà náà) tó ti ní àwòrán lára tẹ́lẹ̀ ló ń fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó mọṣẹ́ nígbà náà ṣe sọ, kódà wọ́n dá àwọn "òkú" kan mọ̀ tí wọ́n ṣì wà láàyè ní Boston. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní New York lọ́dún 1869, ẹ̀rí ò tó, adájọ́ dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni opó Ààrẹ Lincoln lọ bá a, tó sì gba fótò tí ọkọ ẹ̀ ti gbọ́wọ́ lé e léjìká. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí fótò yẹn, torí ọgbọ́n kan náà ni àwọn fotógíráfà wa lò ní Ìlá-Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970, tí wọ́n bá fẹ́ ya ìbejì tí ọ̀kan ti lọ: wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, tó bá jẹ́ akọ àti abo wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á tún wọ ti obìnrin, wọ́n á wá tẹ méjèèjì sórí pépà kan. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, gbogbo ilé mọ̀ bó ṣe jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gba owó opó lórí irọ́.

Fóònù òde òní ló wá mú ọ̀rọ̀ le sí i, torí kì í ya ẹyọ kan mọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ night mode, ìyẹn ètò fótò alẹ́, fótò bíi mélòó kan ló ń yà tẹ̀léra, ó ń so wọ́n pọ̀, ẹni tó bá sì mira láàárín ìgbà yẹn lè ní orí méjì tàbí kí apá ẹ̀ kan pòórá. Lọ́dún 2023 ìyàwó ojú ọ̀nà kan ní Bìrìtéènì dúró síwájú dígí méjì, ọwọ́ ẹ̀ sì wà ní ipò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fótò kan ṣoṣo, ayé mì tìtì, kó tó hàn pé panorama ni wọ́n fi yà á, ìyẹn ètò tí èèyàn ti ń yí fóònù láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bó ṣe ń yà á. Ẹ tún wá fi WhatsApp kún un, tó máa ń fún fótò pọ̀ títí á fi di ègé-ègé, nínú ègé yẹn lọpọlọ wa ti ń wá ojú àti ẹnu jáde. Tẹ́ ẹ bá ní láti fi pupa yí i ká kí ẹlòmíì tó rí ojú yẹn, ẹ dojú fótò dé kẹ́ ẹ tún wò ó, ó lè má sí níbẹ̀ mọ́.

Ṣé abàmì gidi wá wà? Ó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn páìlọ́ọ̀tì ń sọ pé àwọn ń rí ìmọ́lẹ̀ kan lókè ìkùukùu tó ń sán àrá, wọn ò kà wọ́n sí. Lóṣù keje ọdún 1989, John Winckler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Minnesota ń dán kámẹ́rà kan tó ń ríran lókùnkùn wò, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì bọ́ sínú ẹ̀. Wọn ò pariwo. Lẹ́yìn wọn àwọn míì rí i nínú fídíò tí ọkọ̀ òfuurufú Space Shuttle gbà, àwọn míì tún gbà á láti orí ilẹ̀ níbòmíì, ìrísí kan náà, lókè ìjì àrá bákan náà. Sprite ni wọ́n ń pè é lónìí, ó ga tó 50 kìlómítà sókè, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ ni pé kámẹ́rà ọ̀tọ̀, ibi ọ̀tọ̀, ọwọ́ ọ̀tọ̀, ohun kan náà.

Òun ni èmi náà ń wá nínú fótò tí wọ́n bá gbé wá. Ṣé fóònù ẹlòmíì gbà á láti ẹ̀gbẹ́ ibòmíì? Ṣé ó wà nínú èyí tẹ́ ẹ yà ṣáájú àti èyí tẹ́ ẹ yà tẹ̀ lé e? Ṣé ó ní òjìji bíi tàwọn tó yí i ká, ṣé ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan náà kọ lù ú? Ẹ má gé fótò yẹn, ẹ má fi filter sí i, ẹ má sì pa àwọn tó bà jẹ́ rẹ́, àwọn yẹn gan-an ló máa ń tú àṣírí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fótò, kí àkọsílẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ má bàa sọnù, torí ibẹ̀ ni mo ti máa rí i bóyá fláàṣì tàn, àti bí shutter ṣe pẹ́ tó kó tó pa dé. Kẹ́ ẹ sì padà síbi tẹ́ ẹ ti yà á ní àsìkò kan náà, kẹ́ ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè fi méjèèjì wéra. Kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé e wọ group mọ̀lẹ́bí.